Báwo Ni A Ṣe Ń Ya Ẹni Tí Kò Ní Í Kú? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àwọn Sennin Inú Àwòrán Ilẹ̀ Japan

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àsìkò yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí irú ènìyàn kan tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Japan ti ń yà fún ohun tó lé ní 600 ọdún. Sennin ni wọ́n ń pè é. Láti ilẹ̀ Ṣáínà ni orúkọ náà ti wá, apá méjì ni àmì tí wọ́n fi ń kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ní: ọ̀kan dúró fún ènìyàn, èkejì dúró fún òkè. Ẹni tó fi ìgboro sílẹ̀, tó gba orí òkè lọ, tó fi ìmọ̀, egbòogi àti ìkóra-ẹni-níjàánu bọ́ lọ́wọ́ ikú ni sennin. Kì í ṣe òrìṣà, kì í sì í ṣe òkú tó jí dìde. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni, tí ikú wá délé tí kò bá nílé.

Ẹ wá wo ìṣòro tó kọjú sí ayàwòrán. Tó bá fẹ́ ya ọba, adé àti aṣọ oyè wà tí yóò fi hàn. Tó bá fẹ́ ya jagunjagun, idà àti ẹṣin ń bẹ. Ṣùgbọ́n àmì wo ni àìkú ń fi sára ènìyàn? Bí ó bá yà á ní ọ̀dọ́, ọ̀dọ́ lásán ni aráyé yóò rí. Bí ó bá yà á ní arúgbó, arúgbó náà ni wọn yóò rí, arúgbó kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí mo ti ń wo àwọn àwòrán wọ̀nyí, ohun tó yé mi ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ kì í wá àìkú sójú ẹni tí wọ́n ń yà. Inú èémí ni wọ́n ti ń wá a, nínú afẹ́fẹ́, nínú fífúyẹ́ ara. Sennin ni ẹni tí ara rẹ̀ kò wúwo mọ́, ohun tí mo sì fẹ́ ká jọ wò lónìí ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya ara tí kò wúwo.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán, ó yẹ ká mọ ibi tí ìtàn ti ṣẹ̀. Ní Ṣáínà, wọ́n ka àkójọ ìtàn àwọn aláìkú kan sí iṣẹ́ Liu Xiang, ọ̀mọ̀wé ààfin tó gbé ayé láti ọdún 77 sí ọdún 6 ṣáájú ìbí Jésù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ge Hong dé, tó gbé ayé láti 283 sí 343, tí òun náà kọ nípa wọn, tó sì kọ oríṣiríṣi àgbo àti ìpara ẹ̀mí gígùn sílẹ̀. Nínú irú ìwé báyìí, ọ̀kan ń jẹ hóró èso igi páìnì, òmíràn ń mu ohun tí a rẹ́ lára òkúta, púpọ̀ nínú wọn sì ń kọ́ bí a ṣe ń mí: bí a ṣe ń fa èémí sínú, tí a ó dá a dúró, tí a ó sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Di òní olónìí, bí àwọn ará Japan bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò bìkítà fún oúnjẹ àti owó, wọ́n á ní ìkùukùu ló ń jẹ bíi sennin. Àwọn alágbára náà wá ohun tí àwọn sennin ní. Ní ọdún 219 ṣáájú ìbí Jésù, Qin Shi Huang, ọba àkọ́kọ́ tó kó gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà sábẹ́ ara rẹ̀, rán Xu Fu lọ sójú òkun kí ó lọ wá erékùṣù àwọn aláìkú. Xu Fu lọ, kò padà wá jíṣẹ́ ní ìkẹyìn. Ní ìlú Shingu ní agbègbè Wakayama, ibojì kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní tirẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé Japan ló gúnlẹ̀ sí.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ̀sìn Dao ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó ni àwọn sennin, kò dé Japan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn tó ní tẹ́ńpìlì, àlùfáà àti ìjọ tirẹ̀. Díẹ̀ nínú ìmọ̀ rẹ̀ wọnú iṣẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ fún ààfin, díẹ̀ sì wọnú ìṣe àwọn tó ń gun òkè lọ fi ara wọn jìyà fún agbára ẹ̀mí, ṣùgbọ́n àwọn sennin fúnra wọn kò rí ojúbọ púpọ̀ gbà. Inú ìwé àti inú àwòrán ni wọ́n gbà wọlé, lọ́wọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ti ìran Zen tó ń ti Ṣáínà bọ̀, tí wọ́n ń kó àwòrán àti ìwé bọ̀ nínú ẹrù wọn. Nítorí náà, kò sí àlùfáà tí yóò sọ fún ayàwòrán pé báyìí ni ojú sennin gbọ́dọ̀ ṣe rí. Ayàwòrán ló di olùtọ́jú wọn. Mo gbà pé òmìnira yìí ló jẹ́ kí àwòrán wọn tètè ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Ẹ wo àwòrán méjì yìí tí mo gbé sójú ògiri. Yan Hui ló yà wọ́n ní Ṣáínà, ó gbé ayé ní òpin ìjọba Song àti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Yuan, ìyẹn nǹkan bí 1300. Orí aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà méjì, tẹ́ńpìlì Chion-ji tó wà ní àdúgbò Hyakumanben ní Kyoto ló sì ni wọ́n. Ọkùnrin tó wà nínú àwòrán kìíní ni Li Tieguai, tí àwọn ará Japan ń pè ní Tekkai. Ó jókòó lórí àpáta, aṣọ rẹ̀ ti gbó, irun rẹ̀ rí wúruwùru, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Bí ẹ kò bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹ ó rò pé alágbe ni. Ṣùgbọ́n ó gbé ojú sókè, ó ká ètè jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé, láti ẹnu rẹ̀ sì ni okùn èémí tínínrín kan ti jáde lọ sínú òfuurufú, ó tínrín débi pé ojú lè fò ó dá. Ẹ tẹ̀ lé okùn náà pẹ̀lú ojú yín. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lókè pátápátá, ènìyàn kékeré kan wà tí kò ju ìka lọ, tó ń fò lọ. Tekkai náà nìyẹn. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń mí jáde.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Tekkai fẹ́ lọ kí Laozi, bàbá ẹ̀sìn Dao, ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ló sì fẹ́ fi rìn. Ó sọ fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó ṣọ́ ara òun fún ọjọ́ méje, bí òun kò bá dé nígbà náà, kó sun ún. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ. Ọmọ kò lè dúró. Ó sun ara olúwa rẹ̀, ó sáré lọ sílé. Nígbà tí Tekkai dé, eérú ló bá. Òkú kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ti alágbe arọ kan tí ebi pa, inú rẹ̀ ló kó sí, ó mú ọ̀pá irin, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Nínú èdè wa, ẹ̀mí àti èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, etí Yorùbá kò sì nílò ògbufọ̀ níwájú àwòrán yìí. Ohun tó ṣòroó kọ ní gbólóhùn mẹ́wàá ni Yan Hui fi ìlà kan ṣoṣo sọ: pé ara yìí, bó ti wù kó rí, aṣọ àyálò ni.

Ẹnì kejì ni Liu Haichan, tí wọ́n ń pè ní Gama ní Japan, ìyẹn ọ̀pọ̀lọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀lọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú Yan Hui, ọ̀pọ̀lọ́ náà gun èjìká ọkùnrin yìí bí ọmọ tí wọ́n gbé lọ wòran, ọ̀gá àti ẹran ọ̀sìn sì jọ kọjú síbi kan náà.

Àwọn ayàwòrán Japan kò fi àwòrán méjèèjì yìí sílẹ̀ mọ́. Mincho, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì Tofuku-ji ní Kyoto, tó gbé ayé láti 1352 sí 1431, ya ẹ̀yà tirẹ̀, ó sì ṣe ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní: ó fi Daruma, baba ńlá ẹ̀sìn Zen, sáàárín, ó wá fi Gama àti Tekkai sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹlẹ́sìn Búdà ló wà láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Dao méjì, nínú ilé ẹ̀sìn Búdà, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Gbogbo wọn ni ojú wọn le, tí wọn kò fá irùngbọ̀n, tí wọn kò jọ ẹni tó ní ohunkóhun láti tà fún wa.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ jẹ́ kí sennin di ti Japan gan-an, Sesson Shukei ni n ó dárúkọ. Nǹkan bí 1504 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Hitachi, ní ìhà ìlà-oòrùn, tí kò sún mọ́ Kyoto rárá, níbi tí àwọn ọ̀gá ayàwòrán pọ̀ sí. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ Zen lòun náà, ó sì ń yàwòrán títí tó fi lé ní 80 ọdún. Àwòrán rẹ̀ tí mo fẹ́ ká dúró lé ni ti Lu Dongbin, ọ̀kan nínú àwọn sennin ilẹ̀ Ṣáínà; ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yamato Bunkakan ní Nara ni àwòrán náà wà. Ní Ṣáínà, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó gbé idà sẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń ya Lu Dongbin sí. Sesson kò yà á bẹ́ẹ̀. Ó gbé e lé orí drágónì kan tó yọ jáde láti inú omi, ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì, kó dà orí sẹ́yìn, kó sì wo òkè tààrà, níbi tí drágónì mìíràn ti ń wo ìsàlẹ̀ láàárín ìkùukùu. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjì ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀, ó sì gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè.

Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀. Kò rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n ẹlòmíràn. Ó nà sọ́tùn-ún, ó nà sósì, bí okùn tí ènìyàn méjì dì mú, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí kò gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ wo ló ń fẹ́ sápá méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Kò sí irú rẹ̀ láyé. Sesson mọ̀. Láti inú ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń jáde, ìdí sì nìyẹn tí kò fi wúwo lórí ẹranko tó gbé e dúró: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan orí drágónì, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èémí tínínrín tí Yan Hui fi sẹ́nu Tekkai ti di ìjì tó kún gbogbo tákàdá. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú ìwé, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì dìde dúró, n kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn ìgbà Sesson, ìwé tún ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní 1600, wọ́n tẹ àkójọ ìtàn àwọn aláìkú kan jáde ní Ṣáínà pẹ̀lú àwòrán, ní 1650 wọ́n sì tún un tẹ̀ ní Japan. Láti ìgbà náà, ayàwòrán tó wà ní ìlú kékeré pàápàá lè mọ ohun tó yẹ kó fi sọ́wọ́ sennin kọ̀ọ̀kan. Kinko ń gun ẹja ńlá, nítorí pé ó wọnú odò lọ, ó sì gun ẹja jáde lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ń dúró dè é ní etídò. Tobosaku gbé èso píìṣì dání, èyí tó jí nínú ọgbà Seiobo, ìyá àwọn aláìkú, níbi tí èso ti ń pọ́n lẹ́ẹ̀kan ní 3,000 ọdún. Chokaro ní akèrègbè kékeré kan, ẹṣin sì ń ti ẹnu rẹ̀ yọ jáde bí èéfín. Ní Ṣáínà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ funfun ni ẹranko Chokaro, bíi tákàdá ló sì máa ń ká a pa mọ́ tí kò bá gùn ún. Àwọn ará Japan ló sọ ọ́ di ẹṣin inú akèrègbè, wọ́n sì ń fi pòwe títí di òní: bí ohun tí ẹnì kan kò retí bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ẹṣin ti inú akèrègbè jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ tún rí i: ẹran ńlá tó fúyẹ́ tó èémí.

Ní 1646, wọ́n ya àwọn aláìkú sára ilẹ̀kùn fífà ní Tensho-in, ọ̀kan nínú àwọn ilé kéékèèké tó wà lábẹ́ tẹ́ńpìlì Myoshin-ji ní Kyoto. Kano Sansetsu ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí, ọmọ ẹ̀yìn ayàwòrán Kano Sanraku, ẹni tí Sansetsu tún fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni, ó la yàrá méjì láàárín, ó sì ní ojú méjì. Ẹni tó bá wà ní yàrá kan yóò rí igi plọ́ọ̀mù arúgbó kan lórí wúrà pẹlẹbẹ, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń ṣẹ́ bíi ìgbọ̀nwọ́, tó gba ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà márùn-ún ní fífẹ̀. Ẹni tó bá wà ní yàrá kejì yóò rí àwọn sennin. Lónìí, wọ́n ti ya iwájú kúrò lára ẹ̀yìn. Igi náà wà ní Metropolitan Museum ní New York, àwọn sennin wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Minneapolis. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ojú méjèèjì ń sọ: igi tó ti gbó kọjá ibi tó yẹ kó so òdòdó, tó sì ń so ó síbẹ̀, àti àwọn ènìyàn tó ti gbó kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n wà, tí wọ́n sì wà.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ Soga Shohaku, tó gbé ayé láti 1730 sí 1781. Bí ẹ bá fẹ́ràn àwòrán tó rọrùn fún ojú, ó ṣeé ṣe kí ẹ má fẹ́ràn tirẹ̀. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó máa ń wí pé, ẹni tó bá fẹ́ àwòrán kó wá sọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé ìlànà bí ohun ṣe rí ló ń wá, kó lọ bá Maruyama, ìyẹn Maruyama Okyo, tí gbogbo Kyoto ń yìn nígbà náà nítorí pé ohun tó bá yà máa ń jọ ohun tí ojú rí. Ní 1764, Shohaku ya àwọn sennin sórí ìgàgá kíká méjì, alábala mẹ́fà-mẹ́fà. A mọ ọdún náà nítorí pé ó kọ ọ́ sára iṣẹ́ yìí pé ẹni ọdún 35 lòun. Ó tún to oyè àti orúkọ bàbá ńlá jọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń ka oríkì ara rẹ̀, ó ní òun ni ìran kẹwàá láti ọ̀dọ̀ ìdílé Soga ayé àtijọ́.

Tàdáwà dúdú ló fi ya àpáta, igi àti ìgbì omi, ó wá fi pupa àti búlúù tó ń ta sójú kun aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, débi pé ó dà bíi pé ẹnì kan já wọn gbà kúrò nínú àwòrán mìíràn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń yí bí ààjà. Ìṣẹ́po aṣọ kò tẹ̀ lé ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ó ń lọ bó ti wù ú. Lu Dongbin wà níbẹ̀ pẹ̀lú drágónì rẹ̀, Gama wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀, ojú wọn ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí ènìyàn kò mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni. Ohun tí Shohaku rí, tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò sọ síta, ni pé ẹni tí kò ní í kú yóò ṣàjèjì sí wa gidigidi. Ẹ̀rù rẹ̀ lè bani. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbàgbé ọkùnrin yìí ní ilé rẹ̀, títí di 1970, nígbà tí Tsuji Nobuo, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, kọ̀wé nípa Shohaku àti Sansetsu àti àwọn mìíràn tó ka sí ìran ayàwòrán tó gba ọ̀nà tiwọn. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń wọ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀.

Ní àkókò Shohaku kan náà, ní ìlú Edo tó di Tokyo lónìí, ìlò mìíràn ni wọ́n ń lo àwọn sennin. Ní nǹkan bí 1765, Suzuki Harunobu tẹ àwòrán Kinko jáde, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin aláràǹbarà ìgboro ló fi gun ẹja, lẹ́tà ló sì ń kà. Ẹni tó ra àwòrán náà gbọ́dọ̀ mọ ìtàn àtijọ́ kó tó lè gbádùn rẹ̀, ìyẹn sì fi hàn wá bí ìtàn náà ti wọ inú ìlú tó.

Sennin kan ṣẹ́ kù tí n kò gbọdọ̀ fò, nítorí ọmọ Japan ni, kò ti Ṣáínà wá. Kume lorúkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń fò, ó sì ń fò lọ lójú ọ̀run ní ọjọ́ kan nígbà tó rí obìnrin kan tó ń fọ aṣọ létí odò, tó ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ó rí ẹsẹ̀ obìnrin náà tó funfun. Ọkàn rẹ̀ fà síbẹ̀, ara rẹ̀ wúwo, ó já bọ́. Ìtàn àtijọ́ náà kò fi í ṣẹ̀sín. Kume fẹ́ obìnrin yìí, ó ń bá àwọn yòókù ṣiṣẹ́ agbára níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé fún ọba, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé ó ti jẹ́ sennin rí, wọ́n ní kó fi agbára rẹ̀ gbé igi wá. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà fún ọjọ́ méje. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ojú ọjọ́ ṣú, ìjì dé, nígbà tí ó sì lọ, gbogbo gẹdú tó wà lórí òkè ti gba ojú ọ̀run fò wá sí ibi iṣẹ́. Ọba fún un ní ilẹ̀ oko, ó sì fi kọ́ tẹ́ńpìlì Kumedera, tó wà ní Kashihara ní agbègbè Nara títí di òní. Àwọn ayàwòrán kì í sábà ya gẹdú tó ń fò. Kume fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yà, lórí ìkùukùu rẹ̀, tó tẹ orí wo ìsàlẹ̀, obìnrin náà sì dojú kọ aṣọ tó ń fọ̀.